Ìyanrìn Tí Fàdákà Fi Sílẹ̀

"Bàbá ọmọ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀," nọ́ọ̀sì wí. "Ìyanrìn wo lẹ fi rẹ́ ilẹ̀ ilé yín?"

Birikílà gbójú kúrò lára ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti sùn lọ léjìká ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti bi ìyàwó rẹ̀ nípa oúnjẹ ọmọ náà, ó ti béèrè nípa ọ̀dà, ó ti béèrè nípa bátìrì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé, irin olóró nì, wà lára ọmọ. Òun ló ń fa inú rírun, òun ló jẹ́ kí oúnjẹ kọ̀ ọ́, tí ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ sì ń pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírẹ́, iṣẹ́ birikílà nìyẹn, ó sì yá a lára láti dáhùn.

"Ìyanrìn ẹ̀yìn ibi ìwakùsà ni. Kò sí èyí tó kúnná tó o. A kì í jọ̀ ọ́ rárá."

Nọ́ọ̀sì fi bírò sílẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn, ìyẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù.

Ta ni kò mọ òkè ìyanrìn yẹn ládùúgbò wọn? Láyé ọjọ́un, omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ gbé òjé àti fàdákà gba inú sísán òkúta gòkè, wọ́n sì dì síbẹ̀ bí iṣan. Nígbà tó yá, àwọn olówó kan gbọ́, wọ́n kó èèyàn wá. Àwọn bàbá ńlá àdúgbò wa òkúta náà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ṣàn án, wọ́n yọ́ òjé kí wọ́n tó rí fàdákà díẹ̀ fà yọ. Fàdákà bá ọkọ̀ lọ. Pàǹtírí tó kù, ìyanrìn tí òjé ṣì wà nínú rẹ̀, ni wọ́n dà jọ gègèrè sẹ́yìn ilé àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, àwọn ọmọ wọn sì ní ọ̀fẹ́ ni, Ọlọ́run ló ṣe é. Bàbá birikílà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi í parí ilẹ̀, tí wọ́n á fi òkúta tó jọ̀lọ̀ ra á títí á fi máa dán. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń fẹ́ ilẹ̀ tó rẹwà tí wọn kì í ránṣẹ́ pe birikílà.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ ń lọ ilẹ̀ náà di lẹ́búlẹ́bú, ọmọ ń rá lórí rẹ̀, ó sì ń ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ kúrò nílé, oògùn á ràn án lọ́wọ́. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má fọ́ ilẹ̀ náà, kí eruku má baà pọ̀ sí i. Kí wọ́n fi ìyanrìn odò àti sìmẹ́ǹtì bò ó.

Lọ́nà, birikílà ò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Mi ò bá yín jà," ìyàwó wí. "Èmi náà ni mò ń fi ilẹ̀ yẹn yangàn."

Wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó. Birikílà dá padà sílé, ó bu ìyanrìn odò, ó po sìmẹ́ǹtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Èrò burúkú kan wá sí i lọ́kàn: ta ló máa mọ̀? Bó bá panu mọ́, orúkọ rẹ̀ kò ní bà jẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún pe birikílà olóró wá sílé? Ó ń dùn ún, ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ nínú àwọn ilé tó ti fi ìyanrìn yẹn rẹ́ ilẹ̀ wọn. Ó ju síbí ìrẹ́lé sílẹ̀, ó sì kọrí sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ó bá ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú àlejò kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́. "Orí ẹ pé," ẹ̀gbọ́n wí, "iṣẹ́ ni mo bá ẹ wá. Irú ilẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń fẹ́." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀ torí pé ó tutù.

Birikílà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ náà, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, májèlé ni mo rẹ́ sílẹ̀ fún yín. Mi ò mọ̀ ni."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lójú àlejò. Ẹ̀gbọ́n gba ọmọ náà mọ́ra.

"Ẹ má gbé e sílẹ̀ o," birikílà wí. "Ilé tó tẹ̀ lé tiyín ni mò ń lọ sọ fún báyìí."