Àwọn Ọmọ Tó Kọ Ẹ̀yìn

Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni Pásítọ̀ Olúsọjí ti ń bá Ìgbẹ́kẹ̀lé ayàwòrán fa ọ̀rọ̀ kan náà. Ògiri yàrá àwọn ọmọdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Inísà ni wọ́n ní kó ya Jésù àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sí. Ó yà wọ́n lóòótọ́. Jésù kọjú síta, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ọmọ kọ ẹ̀yìn.

"Búrọ̀dá, ṣé ẹ ń bá wa jà ni? Ọ̀la là ń ya ibẹ̀ sí mímọ́! Bí mi ò bá rójú ọmọ kankan, màá pe ẹlòmíì kó fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́."

"Màá yà á, sà."

Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ọwọ́ kọ̀, kò lọ.

Tẹ́lẹ̀, yíya ojú èèyàn gan-an ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní Ìkìrun. Obìnrin tó bá yà sára ṣọ́ọ̀bù onídìrí, bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín ni. Àfi ìgbà tí Odò Ọ̀tìn gbé Dáraolúwa ọmọ rẹ̀ lọ ní Òkukù, níbi tó ti lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ Ògúndélé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló sin ín. Wọn ò jẹ́ kí Ìgbẹ́kẹ̀lé rí òkú, wọn ò fi ojú oórì hàn án. Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Láti ìgbà náà, ìpàkọ́ nìkan ló ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọwọ́ ṣe tún kọ̀ lónìí, inú bí i. Ó gun ọ̀kadà, ó di Òkukù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú mi débẹ̀. Mo bẹ̀ yín."

Ògúndélé ò dá iṣu tó ń bó dúró. "Kò ṣeé ṣe. Ṣé o fẹ́ kí òmíràn tẹ̀ lé e ni?"

"Ẹ kàn sọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí."

"Ta ní wo ojú? Wọ́n ti faṣọ bò ó kí n tó dé."

Ìgbẹ́kẹ̀lé yí padà. Kò sẹ́ni tó wo ọmọ òun!

Ó padà sí Inísà. Ó ya ojú ọmọ kan, ó nù ún. Ó ya òmíràn, ó nù ún. Lẹ́yìn náà ló pa Jésù rẹ́, ó sì tún Un yà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ tó kéré jù, tí orí ọmọ náà sì bo ojú Rẹ̀.

Pásítọ̀ wọlé. "Yéè! Jésù fúnra ẹ̀ dà? Ojú Ẹ̀ dà?"

"Ó ń wo ọmọ yẹn, sà. Ẹ jẹ́ kó wò ó."

Pásítọ̀ ti gbé fóònù sétí. "Hẹ́lò? Gbé ọ̀dà funfun yẹn máa bọ̀."