Ohun Tó Ń Kan Ògiri Yàrá Tíṣà

Oṣù mẹ́rin ni aránṣọ kan fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Opó ni. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ti kú ní ọdún tó kọjá, òun nìkan ló sì kù nínú ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ káfíńtà, ló pè lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

"Àbúrò mi, wá bá mi wo ilẹ̀kùn yàrá Tíṣà. Kò ṣeé tì mọ́."

"Ṣé ó wú ni, àbí ó wọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ sáà wá wò ó." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Tó o bá dé, wàá gbọ́ ọ."

Wọ̀n-ọ́n-wò ni àwọn ẹlẹgbẹ́ káfíńtà yìí máa ń pè é, torí kò sí bí pákó ṣe lè kéré tó tí kò ní wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gé e. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ sílé àwọn àna rẹ̀, ó wọn ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ náà bá a mu.

Ó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá. Oòrùn ti ń ta. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ kò sí aṣọ kankan lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Iṣẹ́ dà?" Ó dìde. "Tẹ̀ lé mi. Má fẹsẹ̀ kilẹ̀."

Yàrá Tíṣà wà lẹ́yìn ilé, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín òun àti balùwẹ̀. Ìrọ̀rí àti ìborùn obìnrin wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti kúrò ní yàrá tirẹ̀, ó ti ń sùn síbí. Lápá ọ̀tún ni kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí káfíńtà fúnra rẹ̀ kàn mọ́ ògiri fún wọn lọ́dún tí wọ́n kó wọlé wà. Wọ́n tì í ní kọ́kọ́rọ́.

Aránṣọ mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ lápò, ó fi ìdí rẹ̀ kan òpó ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ tí ohun kan fi dáhùn láti inú ògiri. Ó ń ró wínníwínní, ó ń yára, bí ìgbà tí èèyàn ń da ìrẹsì gbígbẹ sórí bébà. Ó dákẹ́. Obìnrin náà tún kan òpó. Ohun náà tún dáhùn.

"Ó máa ń dá mi lóhùn," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Bí Tíṣà ṣe máa ń fìka lu tábìlì tó bá ń ronú nìyẹn. O rántí?"

Ó rántí. Irun ọwọ́ rẹ̀ dìde. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kan pákó, pákó kankan kò sì dá a lóhùn rí.

Ó kúnlẹ̀ nídìí òpó ilẹ̀kùn, torí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ọ̀dà ara òpó náà ṣì ń dán, àmọ́ ó ti wú nísàlẹ̀, bí awọ tí omi gbígbóná ta sí. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré, ó fi gún un. Ọ̀bẹ náà wọlé dé èèkù láìṣe wàhálà, bí ẹni gún ọṣẹ tó ti rọ̀. Nígbà tó fà á yọ, igi tó tẹ̀ lé e jáde tutù, ó dúdú, ó ń rùn bí ilẹ̀ abẹ́ ìkòkò omi. Ó ká kọ́tìnnì. Ilà amọ̀ kan, tí kò nípọn ju lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé lọ, gun ògiri láti ilẹ̀ títí dé àjà. Ìyẹ́ wẹ́wẹ́ kún ojú fèrèsé, ó tò jọ bí èèpo àlùbọ́sà.

"Ẹ máa ń gbá ìwọ̀nyí?"

"Ojoojúmọ́ nígbà kan. Mo rò pé ìyẹ́ àwọn kòkòrò tó ń fò mọ́ iná ni."

Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fọ́ ilà amọ̀ náà. Àwọn nǹkan funfun bí ìrẹsì tú jáde, wọ́n ń sá kiri nínú ìmọ́lẹ̀.

"Ikán ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn ló ń fi orí lu igi. Tí ohunkóhun bá ti mì wọ́n, wọ́n á lù ú kí àwọn tó kù lè sá. Tí ẹ bá ti kan òpó yìí báyìí, wọ́n á rò pé ogun dé."

Aránṣọ ki àlùmọ́gàjí rẹ̀ padà sápò.

"Ó wá jẹ́ pé oṣù mẹ́rin ni mo fi ń dẹ́rù ba ikán."

Káfíńtà kò mọ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ó bi í léèrè ibi tí omi ti ń wá, torí òpó yẹn kò lè ṣàdédé rà bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ wọ balùwẹ̀. Lábẹ́ ibi ìfọwọ́, páìpù kan ń kán tó, tó, tó, sí ìdí ògiri. Sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti dà bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú omi.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Kó tó kú ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló máa ń dì í. Mo sì ti sọ fún un."

"Fún ta?"

Obìnrin náà fọwọ́ kan ògiri. "Fún un. Mo ní, Tíṣà, páìpù tún ti ń jò o. Mo kan ògiri, ó dáhùn. Mo ṣe bí ó gbọ́ ni."

Nígbà tí wọ́n padà sí yàrá, káfíńtà ní kó fún òun ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Obìnrin náà mi orí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, kò tíì lè ṣí i. Àbúrò rẹ̀ kò rọ̀ ọ́. Ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ lílà, títí ó fi yọ kọ́kọ́rọ́ náà láti abẹ́ ìrọ̀rí.

Kọ́kọ́rọ́ kò tilẹ̀ yí. Bó ṣe fà á díẹ̀ báyìí, odindi ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣí kúrò lára ìdè rẹ̀, ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fúyẹ́ bíi páálí. Ọ̀dà nìkan ló kù, kò sí igi nínú rẹ̀.

Ẹnì kan dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Kóòtù aláwọ̀ eérú tí Tíṣà máa ń wọ̀ lọ síléèwé nígbà òjò ni. Igi tí wọ́n fi kọ́ ọ ti jábọ́, àmọ́ kóòtù kò ṣubú. Èjìká rẹ̀ kún. Apá rẹ̀ kún, ti òsì tẹ̀ díẹ̀ níbi ìgúnpá, gẹ́gẹ́ bí ti ọkùnrin tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò.

"Tíṣà," ni obìnrin náà wí. Kò pariwo. Bí ẹni pe ọkọ rẹ̀ wá jẹun ló ṣe pè é.

Káfíńtà na ọwọ́, ó fi kan èjìká kóòtù. Aṣọ náà já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí eérú ìwé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò mira. Amọ̀ ni, amọ̀ tí ikán ti fi itọ́ pò láti ilẹ̀ wá, tí wọ́n fi dí inú kóòtù láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn, ó sì dúró báyìí láìní aṣọ, pẹ̀lú àyà, pẹ̀lú apá, láìní orí. Láti inú àyà rẹ̀ ni lílù wínníwínní yẹn ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn ikán bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní ọrùn.

Káfíńtà sún sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ bá ilà amọ̀ ara ògiri gòkè. Ìtí igi tó gbé àjà dúró gba orí bẹ́ẹ̀dì kọjá. Ó gun àga, ó fi èèkù òòlù gbá a pẹ́rẹ́. Ohùn rẹ̀ ṣófo bíi ti agolo. Ìyẹ̀fun igi díẹ̀ dà sórí ìrọ̀rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jáde."

"Jẹ́ n mú ìborùn mi."

"Ẹ má padà síbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀."

Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ohun tí kò ṣe rí láti kékeré, ó sì fà á dé pálọ̀. Ó ń wá nọ́ńbà ọkùnrin apakòkòrò kan lórí fóònù nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Kò ró bí nǹkan tó wó. Ó dà bí ìgbà tí àgbàlagbà mí kanlẹ̀. Eruku funfun jáde láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ó rọra tàn ká ilẹ̀ pálọ̀ títí dé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n yọjú. Àjà ti bo bẹ́ẹ̀dì. Ìdajì ìtí igi náà gún ìrọ̀rí wọlé.

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Àbúrò rẹ̀ jókòó tì í.

"Èmi ni mo ṣe é," ló wí. "Lọ́dún tí mo kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò fi oògùn ikán kun igi rẹ̀. Orí ilẹ̀ lásán ni mo gbé e lé, mi ò fi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀. Mo ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ni, mo máa padà wá tún un ṣe."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá eruku kúrò ní èjìká rẹ̀. "O sì padà wá," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ilé àbúrò rẹ̀ ni aránṣọ ń gbé. Páìpù ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, torí apakòkòrò náà ní òun kò ní fi oògùn òun ṣòfò sórí ilẹ̀ tutù. Ó gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ilé ká, ó da oògùn sí i. Káfíńtà gé gbogbo igi tó rà, ó gé wọnú igi tó ṣì le ní ìwọ̀n gígùn apá èèyàn, ó sì gbé tuntun lé orí sìmẹ́ńtì. Ó kó àwọn pákó àti páálí tó fara ti ẹ̀yìn ilé dà nù.

Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ kàn. Ó fi ṣọ́bìrì kékeré wó ọkùnrin amọ̀ náà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí oògùn ti mú kí ó dákẹ́. Ó rí bọ́tìnnì onírin mẹ́rin nínú àyà rẹ̀. Ó fọ̀ wọ́n, ó fi wọ́n sínú agolo bọ́tìnnì pẹ̀lú ti àwọn oníbàárà.

Nígbà tó padà sílé, ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn ni kò jẹ́ kó sùn. Ó jẹ́wọ́ fún àbúrò rẹ̀ pé àárò ìró náà ń sọ òun, pé òun mọ̀ pé kòkòrò ni, síbẹ̀ àárò ń sọ òun. Àbúrò rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó ní òun náà kò rí oorun sùn, torí òun ti jókòó, òun ti ka àwọn ilé tí òun kan kọ́bọ́ọ̀dù sí lọ́dún yẹn. Mẹ́sàn-án ni.

"Nígbà wo lo máa lọ?"

"Ọ̀la."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a lọ. Òun ló ń gbé tọ́ọ̀ṣì dání, òun ló sì ń bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí ìtìjú bá mú àbúrò rẹ̀. Nílé mẹ́ta àkọ́kọ́, igi ṣì le. Nílé kẹrin, ọ̀bẹ wọlé dé èèkù. Ìyá tó ni ilé náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé nítorí igi ẹyọ kan lẹ ṣe rìn wá láti ibi jíjìn bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó kí òun bu omi fún wọn.

Aránṣọ ti tan tọ́ọ̀ṣì sí òkè àjà. "Ẹ ṣeun, mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jọ gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò lábẹ́ igi yìí."