Ìyá Abẹ́rẹ́ Tí Wọn Ò Gbé Ọmọ Fún Mọ́

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fún ẹni tó pẹ́ dé láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, etí kì í kún bí ikùn.

Ìyá àgbà aránṣọ kan wà, Ìyá Abẹ́rẹ́ là ń pè é. Kò sóhun tó dùn mọ́ ọn bíi kó gbé ọmọ ọlọ́mọ. Á gbé e lé itan, á máa fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, á máa kọrin. Àfi ọjọ́ tó gbé ọmọ ìyàwó káfíńtà, tí ara ọmọ náà sì gbóná. Níbi ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo àdúgbò, obìnrin náà figbe ta: "Àjẹ́ ni ìyá yẹn!" Ibà lọ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ò lọ. Bí Ìyá Abẹ́rẹ́ bá na ọwọ́, kálukú á fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra.

Ló bá lọ sílé ẹjọ́, ó ní ìyàwó káfíńtà ba òun lórúkọ jẹ́.

Onígbàjámọ̀ tó wà níbi ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ náà ni ẹlẹ́rìí. Adájọ́ ní, "Kí ni obìnrin yìí pe ìyá gan-an?"

"Ó pè wọ́n ní... àwọn tí kì í sùn lóru."

"Ọlọ́dẹ?"

Ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín títí.

"Rárá, sà! Ìyá yìí ló rán ṣòkòtò ìgbéyàwó mi. Mi ò lè kojú wọn kí n sọ ọ́."

Adájọ́ ní bí kò bá sọ ọ́, ẹjọ́ tú nìyẹn. Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀ ló bẹ onígbàjámọ̀: "Ọkọ mi, sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ kọ́ ló ti wá." Onígbàjámọ̀ dijú, ó sọ ọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ síta.

Adájọ́ bi ìyá pé èló ni kí wọ́n san fún un.

"Owó kẹ̀? Ọmọ ni kí wọ́n máa gbé fún mi."

"Ìyá, òfin ò lè pàṣẹ ìyẹn. Àmọ́ ó lè ní kí obìnrin yìí lọ kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ níbi tó ti sọ ọ́."

Níbi ẹ̀rọ omi, ìyàwó káfíńtà kúnlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, Màmá. Ẹ̀rù ló bà mí nítorí ọmọ. Ẹ má bínú."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ò na ọwọ́. Nínà ti sú u. Ni obìnrin náà bá tú ọ̀já fúnra ẹ̀, ó gbé ọmọ lé e láyà. Ọmọ wò ó títí, ó sì tọ̀ sí i lára ṣòòròòrò.

"Ẹ̀yin èèyàn, adájọ́ mi ti sọ̀rọ̀!" Ni Ìyá Abẹ́rẹ́ bá bú sórin:

*Ọmọ tọ̀ mí lára, mo yọ̀ o,
ẹni ara ẹ̀ gbẹ, kó wá ọmọ gbé.*

Káfíńtà gbé bẹ́ǹṣì jáde, ìyàwó ẹ̀ gbé ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀. Ọmọ ti sùn lé Ìyá Abẹ́rẹ́ lápá, ìyá ò sì jẹ́ gbé e sílẹ̀, ni ìyàwó káfíńtà bá ń fi ṣíbí bọ́ ìyá. Ìyá yó, àwọn tó kù yó, kálukú nu ẹnu, ó gba ilé ẹ̀ lọ.