Igun Ẹnu Oretta

Lattanzio ayàwòrán tẹ gègé ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ìwé láti ya Oretta, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀; ìlà kan ṣoṣo sì sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí, ó gba orí imú, ó dúró lókè ètè.

"Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ọ̀gá," ni ìyá Oretta wí lẹ́bàá fèrèsé. "Lọ́la ni wọ́n máa gé irun ẹ̀ nílé àwọn sísítà, kó lè di ọ̀kan lára wọn. Mo ti fi í jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run láti ìgbà àìsàn ẹ̀. Àwòrán yìí nìkan ló máa ṣẹ́kù fún mi."

Ẹ̀rín kò nira fún Lattanzio. Ní ìlú Siena, òun ni wọ́n máa ń ké sí bí wọ́n bá fẹ́ fi àwòrán ọmọbìnrin ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ fi í ṣaya, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹnu ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín débi pé kì í wojú ẹni tó jókòó mọ́. Kó tó ronú, gègé ti gbé igun ètè náà sókè. Tàdáà kì í sì í ṣe èédú téèyàn lè fi búrẹ́dì nù kúrò.

Oretta yọjú wò ó. "Ta nìyí, Ọ̀gá?"

Kò fìbínú sọ ọ́. Ojú ti Lattanzio gan-an. Ó wá wo ọmọ náà dáadáa. Oretta pa ẹnu pọ̀ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu, tí kò fẹ́ kó dà.

Ó mú ìwé mìíràn.

"Kí ló ṣe ti àkọ́kọ́?" ni ìyá béèrè. "Ó mà rẹwà."

"Kì í ṣe ọmọ yín ni, mà."

Ẹ̀rù ba Lattanzio, torí ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Síbẹ̀ ó fa ẹnu náà bó ṣe rí, ìlà tín-ín-rín tó rọ̀ wálẹ̀ níparí, ó sì fi ìwé náà lé ìyá lọ́wọ́.

Ìyá wo ìwé, ó wo ọmọ, ó tún wo ìwé.

"Oretta, láti ìgbà wo lo ti ń ṣe ẹnu báyìí?"

"Ó ti pẹ́, ìyá mi."

"O ò sì sọ nǹkan kan."

"Ẹ ò bi mí."

Ìyá fa àpótí kan, ó jókòó síwájú ọmọ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Mo ń bi ẹ́ nísinsìnyí," ló wí.