Ọwọ́ Tí Iná Kò Lè Jó

“Àná ni mo wọ inú ààrò yìí lọ wẹ̀,” ni Ìdajì wí. “Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo ní kí wọ́n kó igi sí i. Mo lo ọṣẹ, mo lo kànrìnkàn. Nígbà tí mo fi máa jáde, òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.”

Apòyẹ̀fun ń na ìyẹ̀fun tó ti pò mọ́ tábìlì bí ẹni pé ìyẹ̀fun náà bú u nílé. Màmá, bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń pe obìnrin tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ń kà á ní méjìméjìlá lábẹ́ ètè. Ilé búrẹ́dì náà gbóná débi pé eṣinṣin tó bá fò wọ ibẹ̀ ní tútù, yíyan ló máa jáde.

“Irọ́ tìẹ yìí,” ni apòyẹ̀fun wá wí, “tí a bá pò ó mọ́ omi, odidi ìlú ló máa jẹ ẹ́ yó.”

“Ó dáa. Ẹ máa wò mí.”

Àkísà onípele méjì ni gbogbo ayé fi ń di páànù búrẹ́dì mú. Ìdajì kò wo ibi tí àkísà wà. Ó na ọwọ́ lásán sẹ́nu ààrò, ó fa páànù kan jáde, ó sì gbé e rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ dé ìdí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó rọra gbé e kalẹ̀.

Òǹkà bọ́ lẹ́nu Màmá. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, síbẹ̀ ojú wọn kò tíì mọ́ ọn. Ẹlòmíì tó bá fi ọwọ́ lásán kan páànù yẹn, ìlú kejì ni wọ́n ti máa gbọ́ igbe rẹ̀.

“Iná ń bẹ̀rù mi,” ni Ìdajì wí. “Tó bá ti gbúròó mi, ṣe ló máa ń yà fún mi lọ́nà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Bó ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ló yíjú sí àpò ìyẹ̀fun, tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, bí ẹni fẹ́ bù ú. Kò bu nǹkan kan. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń lé ròrò, ìyẹ̀fun ló sì fi ń bò ó mọ́lẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò gbèrò àrà kankan. Ọwọ́ ló fi ti irin ẹnu ààrò níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Òórùn ló gbọ́. Ó fa imú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bèèrè ẹni tó ń yan ẹran. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹran náà. Ẹ̀rù bà á wọ mùdùnmúdùn. Ṣùgbọ́n apòyẹ̀fun ti rí i, ó ti pariwo, kí Ìdajì sì tó ro ohun tó máa sọ, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́: “Ohun tí mo ń wí nìyẹn. Iná ò rí mi gbé ṣe.” Ẹnu rẹ̀ ti máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo láti kékeré.

Ní ọdún kan àti oṣù méjì sẹ́yìn, Àpò Méjì ni wọ́n ń pè é, torí pé ìwọ̀n àpò ìyẹ̀fun méjì ló wọ̀n. Tó bá fẹ́ jókòó, àga á kọ́kọ́ kí ayé pé ó dìgbóṣe. Tó bá gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, àwọn ọmọ aládùúgbò á máa ka èémí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa ta tẹ́tẹ́ lé e bóyá ó máa dé òkè. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Tó bá wọlé, á jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títí ẹ̀rín náà á fi tán lára rẹ̀.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ kò lè gbé ẹrù náà mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé àpò oúnjẹ inú rẹ̀ kù títí ó fi tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan péré. Kí ọdún tó yípo, ìdajì rẹ̀ ti lọ, orúkọ tuntun sì dé: Ìdajì. Dókítà kó ike fítámì lé e lọ́wọ́. Ó ní ikùn kékeré yìí kò lè fa gbogbo ohun tí ara ń fẹ́ jáde látinú oúnjẹ mọ́, pé láàárọ̀ àti lálẹ́ ni kó máa lò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kó sì máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó wá gbé ìka sókè. “Tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí o tó wá. Iṣan tó bá ti kú pátá kì í jí mọ́.”

Oṣù méjì ló fi lò ó. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé fítámì ni wọ́n ń fún ọmọ tó bá rù, kó lè sanra? Ìdajì sì ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ìwúkàrà. Ṣíbí kan péré, nínú odidi agbada ìyẹ̀fun: dé e, kẹ̀yìn sí i, kí o tó yíjú, ó ti gun ẹnu agbada, ó ń wá ọ̀nà àtijáde. Ìgbàkígbà tó bá gbé hóró pupa rúsúrúsú yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, ńṣe ló ń rí i tó ń wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn lọ, tó ń wú, tó ń wú, títí Àpò Méjì á fi jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn padà. Ó kó àwọn ike náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè é lórí fóònù ní ọjọọjọ́ Àìkú, á ní, “Mo ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà.”

Láàárọ̀ yìí, kò lè so okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, àfi ìgbà tó yí i wá síwájú kó tó lè fi ojú wá ohun tí ìka kò rí. Bí ojú bá ń ṣepin, ojú náà là á fi hàn. Ta ni òun máa wá fi tòun hàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó rí i ni òun ti ń parọ́ fún?

“Ẹ jẹ́ kí n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i,” ló wí, torí pé ìrònú náà ti fẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Ó fa páànù kejì jáde.

“Gbé e kalẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì iṣẹ́ aránṣọ rẹ̀ lápá. Òun ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló tẹ̀ka síwèé fún un nílé ìwòsàn. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí Ìdajì yára gbé páànù náà kalẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Àsìkò gan-an lẹ dé, mo ní—”

“Ilé ìwòsàn pè mí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni o ò wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo ní irọ́ ni.”

“Irọ́ ni kẹ̀. Wọ́n ṣì mí mọ́ ẹlòmíì. Ẹ̀jẹ̀ mi dára débi pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ní kí n fi díẹ̀ ta òun lọ́rẹ.”

Apòyẹ̀fun bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà kò wò ó.

“Dijú. Na ọwọ́ rẹ.”

Ó dijú, ó na ọwọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó gbọ́ tí iná ń ta nínú ààrò. Ó gbọ́ bí báàgì ṣe ṣí. Ó dúró. Ó pẹ́.

“Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?”

Ìdajì mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ fi ọgbọ́n mú òun ni. “Kò sí nǹkan kan. Ẹ ò tíì fi nǹkan kan síbẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó lajú. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, dúdú, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láàárín ìyẹ̀fun. Màmá ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bọ́tìnnì náà kúrò. Ó fa etí gèlè rẹ̀, ó fi nu ìyẹ̀fun ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń nu ún nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọgbẹ́ yọ. Ti òní wà lórí ti àná, ti àná wà lórí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

“Mo mà ń rẹ́rìn-ín,” ni apòyẹ̀fun wí. Kò jọ pé ẹnì kankan ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Fítámì ńkọ́?”

Ìdajì la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohùn kékeré kan ló jáde. “Ó máa mú mi wú ni. Bí ìwúkàrà. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń pè mí, Àǹtí mi.”

“Láti ìgbà wo lọwọ́ yìí ti kú?”

“Àná.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,” ni apòyẹ̀fun wí.

Ìdajì wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó kọlu àkàbà tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí, ó fo ẹnu ọ̀nà kọjá. Aré tó sá, afẹ́fẹ́ ní kó jọ̀ọ́, kó dúró de òun. Ó gba iwájú àwọn alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ odi ilé ìwé, ajá kan lé e dé ìdajì ọ̀nà ó padà. Lóòótọ́, kò dá a lójú ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ sí. Ńṣe ló dà bí ẹni ń sáré lórí tìmùtìmù. Níkòríta, èémí rẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Bàbá àgbà kan jókòó síbẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ni bàbá náà wí, “bàtà yín kan dà?”

Ìdajì wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ó wẹ̀yìn. Láti ẹ̀gbẹ́ odi ilé ìwé ni àmì pupa kan ti ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lórí ọ̀dà, ìṣísẹ̀ kan síkejì, títí dé abẹ́ rẹ̀. Ó wá ìrora náà bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó dá a lójú pé ó fi í sí. Kò bá a níbẹ̀.

“Mo mọ̀, Bàbá,” ló wí.

Bàbá náà wò ó, ó sì dá ojú padà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Lókèèrè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ. Kò sáré. Bàtà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀ níwájú Ìdajì, ó sì mọ̀ pé òun ṣì lè sá. Ó jókòó sí etí kòtò. Ó fi ẹsẹ̀ òsì náà tẹ ilẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó ń dúró de ilẹ̀ kó dá òun lóhùn.