Háàtì Kankan Ò Sí Lọ́wọ́ Mi

Ṣadé, jókòó kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ, kó tó sá lọ mọ́ mi lórí! Èmi àti bàbá mi olóògbé la jọ ń ta káàdì bírìjì, àwa méjì níhà kan, àwọn méjì kan níhà kejì. Inú odò la gbé tábìlì sí, omi dé orúnkún wa, síbẹ̀ káàdì ò tutù. Bàbá ti sọ pé sípéèdì la ó fi ṣe alágbára, oríṣi káàdì tí yóò máa pa gbogbo oríṣi yòókù. Ó kàn mí láti sọ iye ìgbà tí a máa jẹ nínú mẹ́tàlá. Mo wo ọwọ́ mi: ọba kan ṣoṣo, sípéèdì wẹ́wẹ́ márùn-ún, ìyókù ò já mọ́ nǹkan. Mo fẹ́ yọwọ́.

Bàbá ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọba nìkan lò ń kà. Oríṣi káàdì wo ni ò sí lọ́wọ́ rẹ rárá?"

Háàtì! Mi ò ní ẹyọ kan. Tí wọ́n bá ju háàtì, sípéèdì wẹ́wẹ́ ni màá fi pa á! Mo kígbe pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá!" Igbe yẹn ló jí mi.

Ṣé a jẹ ẹ́? Mi ò mọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Síbẹ̀ inú mi ṣì ń dùn. Nígbà ayé bàbá mi, ńṣe ló máa ń ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Lójú àlá yìí, ó ní, "Tún un sọ, kí wọ́n gbọ́."