Irọ́ tí Mo Pa Mọ́ Bàbá Wa

Bàbá wa, Sàníù ará Akanran, kò na ọmọ rí. Síbẹ̀ mo dúró níwájú adájọ́, mo búra, mo ní pàṣán ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà.

Nítorí Kàmọ́rù àbúrò mi ni. Wáyà iná ló fi na Zubaidah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ Àbíkẹ́ àbúrò wa tó ti kú, títí apá òsì ọmọ náà fi ṣẹ́. Kí lọmọ ṣe? Ó sùn lọ nídìí láfún tí wọ́n ní kó máa ṣọ́, ewúrẹ́ sì jẹ ẹ́. Agbẹjọ́rò Kàmọ́rù ló kọ́ mi lóhun tí n óò sọ, pé bí wọ́n ṣe tọ́ Kàmọ́rù lòun náà ṣe ń tọ́mọ. Àánú ṣe adájọ́. Dípò ẹ̀wọ̀n, ó ní kí Kàmọ́rù máa gbálẹ̀ ọgbà ìjọba fún oṣù mẹ́ta. Ẹbí yọ̀, èmi náà yọ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe ilé òun nílé ẹlẹ́wọ̀n? Wọ́n mú Zubaidah kúrò lọ́dọ̀ Kàmọ́rù wá bá mi ní Akínyẹlé.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi kò lò tó oṣù mẹ́rin. Olúfúnmi, agbẹjọ́rò ìjọba, wá bá mi nílé. Ó ní ìjìyà yẹn fúyẹ́ jù, ìjọba sì ti gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

“Màmá, ọ̀rọ̀ yín ni adájọ́ gbára lé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ yín lóòótọ́?”

“Ẹ jẹ́ kí n rò ó.”

Kí ni mo fẹ́ rò? Bí mo bá sọ òótọ́, Kàmọ́rù ń lọ sẹ́wọ̀n nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Akanran ni ọkàn mi wà. Há, ayé ìgbà yẹn dùn! Òórùn kòkó tí a dì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àbíkẹ́ tó máa ń kọrin láti oko dé ilé bí ẹni tí wọ́n háyà. Kàmọ́rù lẹ́yìn mi, ó wúwo bí àpò iyọ̀, èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ṣẹ̀, Bàbá á kì í ní oríkì, wọ́n á ní kó wá jókòó ti àwọn, wọn ò sì ní sọ nǹkan kan. Kò ní pẹ́ tí onítọ̀hún á fi jẹ́wọ́. Àárò wọn sọ mí.

Zubaidah wá jókòó tì mí.

“Ìyá, nínú yín, ta ni bàbá yín nà jù?”

“Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n nà wá?”

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní kóòtù. Ṣé wọ́n na màmá mi náà? Ṣé apá màmá mi ṣẹ́?”

Ojú tì mí. Ọmọ yìí kò mọ bàbá àgbà rẹ̀ rí, èmi ni mo sọ wọ́n di òǹrorò fún un.

“Rárá,” ni mo wí. “Irọ́ ni mo pa.”

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Olúfúnmi, mo búra, mo tẹ̀ka sí ìwé tí wọ́n kọ òótọ́ mi sí. Ó kìlọ̀ fún mi pé ìjọba lè fa èmi náà lọ sí kóòtù lórí irọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n fà mí.

Mo pe Kàmọ́rù kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó figbe ta.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀n mí! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ rán mi lẹ́wọ̀n?”

“Mo pọ̀n ẹ́ lóòótọ́. Kàmọ́rù, ọjọ́ tí wọ́n ní kó o ṣọ́ kòkó tá a sá, tó o sùn lọ, tí òjò pa gbogbo ẹ̀, kí ni Bàbá ṣe fún ẹ?”

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Wọ́n ní alihamudulilai, òjò ò gbọ́mọ lọ,” ló wí. “Wọ́n gbé mi wọnú ilé. Wọ́n fún mi lágbàdo tiwọn jẹ.”

Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Kò bẹ̀ mí mọ́ pé kí n lọ gba ìwé náà padà.